Ọ̀nà wo ni ìròyìn kíláàsì lè gbà dé ilé àwọn ọmọ? Ìjíròrò àwọn olùkọ́ àti òbí ní Ilé-Ifẹ̀

Tíṣà Kíláàsì Kẹrin

Mo kí gbogbo ilé o. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ 43 ni ó wà lábẹ́ ìtọ́jú mi, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń dà mí láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí. Kì í ṣe pé nǹkan kì í ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì wa. A gbin ewédú sí ẹ̀yìn kíláàsì, a máa ń pàlọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ máa ń figa gbága nínú ìṣirò, a sì ń múra ọjọ́ àṣà sílẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn ará ilé wọn kì í gbọ́. Ìwé tí mo bá fi rán àwọn ọmọ sílé kì í dé ibi tí mo rán an. WhatsApp tí mo ṣí fún àwọn òbí, ènìyàn 19 péré ni ó wà níbẹ̀, àwọn tí ó sì ń fèsì nínú wọn kò pé márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó gbé mi dé orí kíkọ ìwé yìí. Ní sáà tí ó kọjá, mo tẹ ìwé pélébé kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì pín in fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ Ajé, pé kí oníkálukú wọ aṣọ ìbílẹ̀ wá ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀, mo ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá tí ó ń tajà lẹ́nu géètì wa. Bí mo ṣe tú ìwé tí ó fi pọ́n ẹ̀pà náà, ìwé mi ni, orúkọ kíláàsì mi ṣì wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mẹ́sàn-án ni ó wọ aṣọ ilé ìwé wá sáàárín àwọn tí ó wọ bùbá àti ìró, dàńṣíkí àti fìlà. Ọmọkùnrin kan nínú wọn jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbá orúnkún mọ́ àyà, ó ní òun kò níí wọlé. Gèlè orí mi ni mo tú, tí mo dà lé e léjìká, kí ó tó gbà láti dìde.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é tí ìròyìn kíláàsì fi ń délé, tí àwọn ará ilé sì fi ń bá yín dá sí ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe?

Ìyá Ìbejì, alátà

Tíṣà, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ o. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé èmi náà wà lára àwọn òbí tí kì í fèsì. Ata àti tòmátì ni mo ń tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń jáde nílé kí n lè bá àwọn tí ó ń já ọjà pàdé, nígbà tí mo bá sì fi máa padà dé, àwọn ọmọ ti ń tòògbé. Bí fóònù mi bá dún, tí mo rí i pé láti ilé ìwé ni, owó ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: owó ìwé, owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, owó ìgbálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni olùkọ́ kan pè mí rí láti sọ fún mi pé Táyé kàwé dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo ṣì rántí ibi tí mo dúró sí, agbọ̀n ata wà lórí mi, n kò tilẹ̀ rántí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí tí ọ̀rọ̀ fi parí.

Bí ẹ bá bi mí, ẹ má kọ ọ́, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ lédè Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún mi bí a bá pàdé lọ́jà, kí ó má sì ju ìṣẹ́jú kan lọ, nítorí dátà àti nítorí oníbàárà. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ó sì jẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí etí wa lè máa retí rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má da ọ̀rọ̀ owó pọ̀ mọ́ ìròyìn. Bí owó bá wà tí ẹ fẹ́ gbà, ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí a mọ̀ pé owó ni.

Olùkọ́ Àgbà, Mọdákẹ́kẹ́

Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Síbẹ̀, ẹni 19 ni ohùn orí WhatsApp yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọ 43 ni Tíṣà sì ní. Àwọn 24 tí ó kù ńkọ́? Ẹ̀yin olùkọ́ ìwòyí máa ń gbàgbé pé ojoojúmọ́ ni ońṣẹ́ kan ń ti ọ̀dọ̀ yín lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń padà wá ní òwúrọ̀. Ọmọ náà ni. Ìwé tí ẹ tẹ̀, tí ẹ kì bọ àpò rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi di ìwé ẹ̀pà. Bí ó bá jẹ́ òun ni ó kọ ìròyìn náà, kò níí jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nílé kí ó tó kà á tán.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí agogo ìparí tó lù, màá ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì láàárín ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ á máa nà sókè níhìn-ín lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe kọ ọ́ sójú pátákó, lédè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀, n kò sì jẹ́ kí ó ju gbólóhùn márùn-ún lọ. Wọn á dà á kọ sínú ìwé kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ìyẹn nìkan. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọn á ti kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí ará ilé yóò dáhùn. Ẹni tí ó bá wà nílé, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n, ìbáà ṣe ìyá àgbà tí kò mọ̀wé, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́, kí ó dáhùn ìbéèrè náà pẹ̀lú ẹnu, kí ó sì sàmì kan sínú ìwé. Ọmọ á mú ìdáhùn wá ní ọjọ́ Ajé, òun ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tuntun. Ẹ rí i pé ẹni tí kò mọ̀wé kò pàdánù nǹkan kan, nítorí etí ni a fi ń gba ìròyìn náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá yóò fa àwọn ọmọ sẹ́yìn. Ìlú tí a wà yìí gan-an ni wọ́n ti dán an wò. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí à ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá sì ni aṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, láti kíláàsì kìn-ín-ní títí dé ìkẹfà, wọ́n sì wá olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn tí ó fi Yorùbá kàwé kò rẹ̀yìn rárá, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fì wọ́n sílẹ̀.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Pàràkin

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá wa Olùkọ́ Àgbà, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Yorùbá ni a ń sọ nílé, Yorùbá ni a ń sọ ládùúgbò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé ìwé girama, kì í sì í ṣe ìròyìn kíláàsì ni yóò gba máàkì fún ọmọ. Bí ọmọ bá máa jókòó kọ gbólóhùn márùn-ún, ẹ jẹ́ kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà, Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ ṣé, Bàbá Ọmọ Mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ kíláàsì kẹrin tí ẹ bá ní kí ó ròyìn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan ni yóò ròyìn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an yóò sì bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè pàdé láàárín ọ̀nà: kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí oníkálukú sì mú gbólóhùn kan tí ó wù ú nínú márààrún, kí ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ni kí ẹ bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Pàràkin

Mo gba ìyẹn, sà.

Alátùn-únṣe Fóònù, Lágéré

Ẹ kú ìjíròrò o. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kí n máa tún fóònù ṣe, ọ̀pọ̀ òbí sì ni mo ti bá yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù wọn nítorí pé àwòrán ilé ìwé ti kún un dẹ́nu. Ayẹyẹ kan ṣoṣo, olùkọ́ á fi àwòrán méjìlélógún ránṣẹ́, gbogbo òbí á sì fi «àmín» mẹ́wàá mẹ́wàá tẹ̀ lé e. Ẹ fi àwòrán kan ránṣẹ́, bí ó bá pọ̀ jù, kí ó jẹ́ méjì. Ẹ tún ẹgbẹ́ náà tò kí ó jẹ́ pé alábòójútó nìkan ni ó lè fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀, kí òbí tí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ kọ ọ́ sí Tíṣà ní ìkọ̀kọ̀.

Fún àwọn tí ó ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun kan sì wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan a máa gba ẹyọ lẹ́tà 160. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ onísàmì kan ṣoṣo sínú rẹ̀, ẹyọ 70 ni ojú ìwé kan yóò gbà, àmì orí lẹ́tà náà a sì máa jẹ ààyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí ẹ rò pé ẹyọ kan ni lè di mẹ́ta, owó mẹ́ta ni wọn yóò sì yọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ ọ́ láìsí àmì, kí ó má baà jẹ yín lówó.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ọmọ tún wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni kí ẹ ti béèrè lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan bóyá ó fẹ́ kí àwòrán ọmọ òun jáde, kí ẹ má sì máa kọ orúkọ ọmọ sí abẹ́ ojú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ síbì kan, ẹ má gbé ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sí Facebook ṣáájú. Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti dé ni kí ẹ ròyìn. Ẹ jọ̀wọ́ sì ni o, ẹ má ṣe gbé orúkọ ajẹgbèsè síbẹ̀. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ènìyàn mọ́kànlá ni ó ti jáde, àwọn tí kò jẹ gbèsè pàápàá sì wà lára wọn.

Ọmọ Bàbá Oníkòkó, Ìlódè

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìrírí tiwa, nítorí pé bí a ṣe ń jíròrò lórí bí ìròyìn yóò ṣe délé, ó yẹ kí a rántí pé ilé náà ní ohun tí ó lè gbé wá sí kíláàsì.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, olùkọ́ ọmọ mi fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí gbogbo ilé: «Kí ni ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹ lè fi han àwọn ọmọ fún ogún ìṣẹ́jú?» Bàbá mi, ẹni ọdún 74, ni ó wà nílé nígbà tí ọmọ dé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tíṣà ti tún wá ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò fi gba owó lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ó yé e pé kì í ṣe owó, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kòkó ni òun mọ̀.

Lọ́jọ́ tí a ń wí yìí, èso kòkó mẹ́ta ni ó gbé wá, ọ̀kan pọ́n bí òroǹbó, méjì ṣì ní àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ń retí àdá, ṣùgbọ́n kùmọ̀ ni Bàbá mú jáde. Ó ní àdá a máa gé wóró inú rẹ̀, wóró tí a bá sì ti gé yóò bàjẹ́. Ó lu èkíní lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ yà á sí méjì, ó sì ní kí wọ́n sọ iye wóró tí ó wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Ẹnì kan ní mẹ́wàá, ẹnì kan ní ẹgbẹ̀rún. Wọ́n wá ń fi ìka yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń fi ìka náà sẹ́nu lábẹ́lẹ̀ nítorí omi dídùn tí ó wà lára rẹ̀. Wóró 38 ni. Ọmọdékùnrin kan kígbe pé «ọgbọ̀n àti mẹ́jọ!» Bàbá mi mi orí, ó ní, «Ọmọ mi, o ti kúrò ní ọgbọ̀n, ogójì ni o ń lọ. Mélòó ni ó kù kí o dé ibẹ̀?» Ọmọ náà ní méjì. «Ó dáa, méjì ni a dín nínú ogójì: méjìdínlógójì.» Wóró 41 ni ó wà nínú èso kejì. Ó ní, «Èyí ti dé ogójì, ó sì fi ẹyọ kan lé e: mọ́kànlélógójì.» Nígbà tí wọ́n fi ka ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ 45, ọmọbìnrin kékeré kan lẹ́yìn ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í: màrúndínláàádọ́ta. Olùkọ́ wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti ń kọ́ wọn ní òǹkà yìí láti sáà àkọ́kọ́, tí wọ́n ń há a sórí bí orin, tí kò sì yé wọn ìdí tí a fi ń lé láti orí ení dé ẹ̀rin, tí a sì ń dín láti orí àrún dé ẹ̀sán.

Bàbá tún sọ fún wọn bí a ṣe ń bo kòkó mọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà kí ó lè gbóná, kí ó sì pọn nínú ara rẹ̀, kí a tó sá a sóòrùn. Ó gbé èyí tí ó ti gbẹ kalẹ̀ fún wọn kí wọ́n tọ́ ọ wò, gbogbo wọn sì fajú ro nígbà tí wọ́n rí i pé ó korò. Wọ́n rò pé ṣokoléètì ni yóò jẹ́. Láti ìgbà náà, bí sáà bá ti wọlé ni Bàbá máa ń béèrè ọjọ́ tí wọn yóò pe òun.

Nítorí náà, Tíṣà, ẹ má dúró de dókítà àti lọ́yà nìkan. Ẹ pe télọ̀, ẹ pe onídìrí, ẹ pe aláró, ẹ pe mẹkáníìkì. Kí ó jẹ́ ẹnì kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ó jẹ́ òwúrọ̀ kí ọjà tó kún, kí àwọn ọmọ sì ti kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ kí àlejò tó dé, kí ó má baà máa wo ojú wọn, kí wọ́n sì máa wo tirẹ̀.

Olùkọ́ kan láti Iléṣà

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ jẹ́ kí èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà dá sí i. Ohun tí àwa ń wá wá sí ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yìnkùlé yín ni ó wà, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ifẹ̀ ni kò tíì wọ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Ẹnuwà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, rí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni a kó àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún wa wá láti Iléṣà. Kí a tó wá, mo fẹ́ kí wọ́n mọ bí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ṣe ga tó, nítorí pé bí ènìyàn bá sọ fún ọmọdé pé ó ga tó mítà márùn-ún ààbọ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni. A wọn okùn mítà márùn-ún ààbọ̀, a nà án sórí pápá, mo sì ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, kí orí ọ̀kan kan ẹsẹ̀ èkejì. Ọmọ mẹ́rin ni okùn náà gbà, ààyè tí ó sì kù gba bàtà ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí a dé iwájú ọ̀pá náà fúnra rẹ̀, ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi ni pé «Ẹ wò ó, àwa mẹ́rin àti bàtà!»

Nínú ilé àkójọ náà, àwọn orí tí a fi amọ̀ àti idẹ ṣe ni wọ́n dúró tì jù. A sọ fún wọn pé ní ọdún 1938, àwọn ènìyàn ń gbẹ́lẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, láìmọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀, ni wọ́n kan àwọn orí onídẹ. Ọmọ kan padà dé ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Bàbá náà wá bá mi sọ ọ́, inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ̀wé béèrè ṣáájú, ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ọlọ́jọ́ nítorí èrò, kí àgbàlagbà kan má sì mójú tó ju ọmọ mẹ́jọ lọ. Àwọn òbí tí àyè bá gbà ni kí ẹ fi ṣe àwọn àgbàlagbà náà. Ọmọ tí kò bá rí owó ọkọ̀ san, ẹ jẹ́ kí ó lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ẹ sì fi okùn náà rán ọmọ kan sílé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ fi wọn ògiri wọn.

Ìyá Àgbà Ni Ó Tọ́ Mi

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni tèmi. Ẹ má máa bẹ̀rẹ̀ ìwé yín pẹ̀lú «Ẹ̀yin Bàbá àti Màmá». Ìyá àgbà ni ó tọ́ mi dàgbà, gbogbo ìgbà tí mo bá sì mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ délé ni mo máa ń rò ó pé kì í ṣe tiwa. Ẹ kọ «Ẹ̀yin ará ilé», ó kárí gbogbo wa.

Tíṣà Kíláàsì Kẹrin

Ẹ ṣeun púpọ̀ o, gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo ti ń dán ìmọ̀ràn yín wò, mo sì rò pé ó tọ́ kí n jíyìn.

Ìwé ìròyìn ọjọ́ Ẹtì ni ó mú iṣẹ́ ṣe jù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ 27 ni ó mú àmì ará ilé padà wá. Lóòótọ́, ọ̀kan nínú wọn ti sàmì ìyá àgbà rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kúrò ní kíláàsì, bírò pupa mi ni ó sì fi sà á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n di 39. Ìbéèrè tí ó mú ilé sọ̀rọ̀ jù ni èyí: «Kí ni ẹ máa ń jẹ nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tí ẹ kì í sábà rí mọ́?» Ẹ̀kuru, àádùn, ègbo àti òjòjò ni ó kún inú ìwé wọn, ìyá àgbà kan sì wé àádùn mọ́ ewé, ó fi rán ọmọ rẹ̀ sí kíláàsì. Ẹ wo bí ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà ṣe lọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́: «Ewédú wa ti yọ ewé mẹ́rin. Adìyẹ kan wá jẹ ẹ́, a sì lé e. A pàlọ́ ìjàpá àti bàbá ìyàwó rẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. A jẹ àádùn, kò kárí, a óò tún jẹ.» Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, gbólóhùn adìyẹ ni ó pọ̀ jù lára èyí tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ.

Ohùn aago mẹ́jọ alẹ́ náà dára. Ènìyàn 31 ni ó wà lórí WhatsApp wa báyìí, n kò sì tíì sọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ rí. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun.

Àtẹ̀jíṣẹ́ aláìlámì ni ó kó bá mi. Alátùn-únṣe Fóònù, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mélòó kan mú ọkọ́ kékeré wá kí a lè ro ìdí ewédú, mo sì kọ ọ́ pé «E je ki omo mu oko wa lola». Òbí kan pè mí lóru pé òun kò ní mọ́tò. Òmíràn béèrè pé ṣé ọkọ òun ni mo fẹ́ rí, nítorí pé ó ti rìnrìn àjò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àmì sí i, tí mo sì ń gé ọ̀rọ̀ mi kúrú kí ó lè wọ inú ẹyọ 70: «Ọ̀la: ọkọ́ kékeré fún ewédú. Tíṣà 4.» Ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, ọkọ́ mẹ́fà ni mo sì rí gbà.

Ti ìrìn àjò lọ sí Ẹnuwà, a ti kọ̀wé, a ń retí èsì. A ti na okùn náà ní tiwa. Ọmọ mẹ́rin àti búrọ́ọ̀ṣì ìnupátákó ni ó gbà.

Ní ti àlejò inú kíláàsì, ẹni àkọ́kọ́ yóò wá ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀. Ọmọ tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ àṣà, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tí ó ń tún ọ̀kadà ṣe ni ó ń gbé. Ọmọ náà ni ó kọ «Bùọ̀dá mi mọ̀ ọ́n tú ẹ́ńjìnnì» sínú ìwé rẹ̀. Mo lọ bá arákùnrin náà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, mo ní kò sí ẹni tí yóò bi í ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ gbé odidi ẹ́ńjìnnì kan wá, kí ó tú u, kí ó sì tò ó padà lójú wọn. Àwọn tábìlì kíláàsì wa kò lè gbé e. Ẹni tí ó bá ní tábìlì onígi tí ó nípọn, tí ó sì lè yá wa fún òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi níbí kí Ọjọ́rú tó dé. Àwa ni a ó wá gbé e, àwa náà ni a ó sì nu epo kúrò lára rẹ̀ kí a tó dá a padà.